Ṣé ìyèméjì mi ni kò jẹ́ kí àdúrà mi gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wọlé ọkọ, n kò tíì bímọ. Mo ti lé ní ọmọ ọdún 35. Mo ti gba ààwẹ̀ títí, mo ti gun orí òkè àdúrà, wọ́n ti ta òróró sí mi lórí. Láìpẹ́ yìí, alàgbà kan sọ níwájú àwọn èèyàn pé ìyèméjì mi ló ń dí ọ̀nà, ó sì ka Jákọ́bù 1:6-7 sí mi létí, pé kí oníyèméjì má rò pé òun máa rí ohunkóhun gbà lọ́dọ̀ Olúwa. Òótọ́ ni pé mo ń ṣiyèméjì. Bí mo bá kúnlẹ̀ nísinsìnyí, n kì í mọ ohun tí mo máa sọ mọ́. Wọ́n tún ní bí mo bá lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù, a jẹ́ pé n kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà. Ṣé kí n kúrò níbẹ̀, kí n má baà máa ṣe àgàbàgebè?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìdáhùn kúkúrú, kí ọkàn yín lè balẹ̀ ka ìyókù: rárá. Kò sí ẹsẹ kan nínú Bíbélì tó sọ pé Ọlọ́run fi ọmọ du obìnrin nítorí pé ó ṣiyèméjì. Òdìkejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, inú ìtàn àwọn tó wá ọmọ títí gan-an ló sì wà.

Ẹ ṣí Lúùkù orí 1. Ẹsẹ 6 sọ pé olódodo ni Sekaráyà àti Èlísábẹ́tì níwájú Ọlọ́run, wọ́n ń rìn nínú gbogbo òfin Olúwa láìlẹ́gàn. Ẹsẹ 7 tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: wọn kò ní ọmọ, ọjọ́ orí wọn sì ti lọ. Lúùkù ti kọ́kọ́ wẹ̀ wọ́n mọ́ kó tó sọ ìṣòro wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí àìrọ́mọbí wá ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Nígbà tí áńgẹ́lì sì jíṣẹ́ fún Sekaráyà lẹ́bàá pẹpẹ tùràrí, àlùfáà náà kò gbà á gbọ́. Ó béèrè ní ẹsẹ 18 pé báwo ni òun ṣe máa mọ̀, nígbà tí òun àti ìyàwó òun ti darúgbó. Ojúkojú Gébúrẹ́lì ló ti ṣiyèméjì! Kí ló dé bá a? Ó yadi títí di ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ. A bá a wí, ṣùgbọ́n ọmọ dé. Sárà náà rẹ́rìn-ín nínú àgọ́ (Jẹ́nẹ́sísì 18:12), ó tún sẹ́ pé òun kò rẹ́rìn-ín. Ábúráhámù ti dojú bolẹ̀ rẹ́rìn-ín ṣáájú rẹ̀ (17:17). Síbẹ̀, Ísákì dé. Nígbà tí Hébérù 11:11 máa dárúkọ Sárà, ìgbàgbọ́ rẹ̀ nìkan ló kà sí i lọ́rùn, kò mẹ́nu kan ẹ̀rín náà.

N kò sọ èyí láti ṣèlérí ohun tí Ọlọ́run kò rán mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tiyín kalẹ̀.

Wàyí o, Jákọ́bù tí alàgbà kà. Ẹ kà á láti ẹsẹ 2. Àwọn tó wà nínú ìdánwò ni Jákọ́bù ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ní kí wọ́n tọrọ ní ẹsẹ 5 ni ọgbọ́n, ó sì fi kún un pé Ọlọ́run a máa fi fúnni lọ́pọ̀lọpọ̀ láìbániwí. Oníyèméjì tó wà ní ẹsẹ 6 sí 8, Jákọ́bù tún pè é jáde ní 4:8, ibẹ̀ ló sì ti hàn irú èèyàn tó jẹ́: ẹni tó fẹ́ bá ayé ṣọ̀rẹ́ kó sì tún bá Ọlọ́run rìn (4:4), tó ń tọrọ kó lè ná an sórí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ (4:3). Ẹni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, tó tún ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ wádìí níbòmíràn lálẹ́, ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Obìnrin tó ti ń kúnlẹ̀ síwájú Ọlọ́run kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́sàn-án, tí ìbéèrè àti omijé kún ojú rẹ̀, kò ní ọ̀gá méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bá a wí.

Ẹ tún ka Jákọ́bù 5:14-15, torí àwọn tó ń ka orí kìíní síni létí kì í sábà dé ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn, kó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí, kí wọ́n fi òróró kùn ún. Àdúrà ìgbàgbọ́ yóò sì gba aláìsàn náà là. Ta ló ń gbàdúrà níbẹ̀? Àwọn àgbà. Ohun tí aláìsàn ṣe kò ju pé ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Bí alàgbà bá ta òróró, tó gbàdúrà, tí a kò tíì rí ìdáhùn, tó wá yíjú sí obìnrin tó ń sunkún pé ìwọ ni kò gbàgbọ́, ó ti gbé ẹrù tí Jákọ́bù dì lé e lórí lé ẹlòmíràn lórí. Bákan náà ni Máàkù 2:5: ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé arọ náà wá ni Jésù rí. Nínú Máàkù 9, bàbá ọmọ tí ẹ̀mí àìmọ́ ń gbé ṣánlẹ̀ kígbe pé: "Olúwa, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Kò sí ẹni tó ní kó lọ parí àìgbàgbọ́ rẹ̀ kó tó padà wá. Jésù wo ọmọ náà sàn lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí kò rí ẹ̀mí náà lé jáde ni a sọ fún pé àdúrà ló kù.

Ẹnìkan lè ní: Násárétì ńkọ́? Máàkù 6:5 kò ha sọ pé Jésù kò lè ṣe iṣẹ́ agbára níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, àtakò tó lágbára ni, kò yẹ ká fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 3. Àìgbàgbọ́ àwọn ará Násárétì ni pé wọ́n fojú tín-ín-rín Jésù, wọ́n kọ̀ ọ́. Àní níbẹ̀ pàápàá, ẹsẹ 5 kan náà sọ pé ó gbé ọwọ́ lé àwọn aláìsàn díẹ̀, ó sì mú wọn lára dá. Àìgbàgbọ́ tó ń ti Jésù jáde yàtọ̀ sí ìyèméjì tó di aṣọ rẹ̀ mú.

Ẹsẹ kan kù tó jọ pé ó ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin lóró ní ilẹ̀ wa: Ẹ́kísódù 23:26, pé kò ní sí ẹni tí oyún ń bà jẹ́ lára rẹ̀ tàbí àgàn ní ilẹ̀ rẹ. A ń kà á nínú àdúrà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó sì dára kí a gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá sọ ọ́ di ìwé ẹ̀rí tí ẹni tí kò tíì bí yóò fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ni Ọlọ́run ń bá dá májẹ̀mú níbẹ̀, nípa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀. Nínú ilẹ̀ yẹn kan náà ni Hánà ti sunkún lọ́dọọdún ní Ṣílò, ibẹ̀ náà ni Èlísábẹ́tì aláìlẹ́gàn darúgbó sí kó tó lóyún.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ìyèméjì tó ń bá yín jà, nítorí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àwọn kan, ọpọlọ ni: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Jésù jíǹde lóòótọ́, bóyá a lè gbára lé àkọsílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀rí, Jésù sì fi ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han Tọ́másì (Jòhánù 20:27). Ti àwọn mìíràn, ìfẹ́ inú wọn ni kò fẹ́ kí ó jẹ́ òótọ́, torí ohun kan wà tí wọn kò fẹ́ jọ̀wọ́. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yìí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀: "Bí mo bá lóyún lọ́la, ṣé ìyèméjì yìí á ṣì wà?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ó máa pòórá, irú kẹta ni: ọgbẹ́ ọkàn. Ohun tí ẹ kọ sí mi jọ ti ọgbẹ́ pátápátá. Àlàyé kì í wo ọgbẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi agídí ka ìwé tàbí gbọ́ ìwàásù lé ìwàásù láti fi bò ó. Ara tó ti rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Èlíjà nìyẹn. Iná ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì, òjò ti rọ̀, síbẹ̀ nínú 1 Àwọn Ọba 19:4 ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò wàásù fún un. Ó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án: àkàrà tí a dín lórí ẹyin iná àti ìkòkò omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i jẹun nígbà kejì. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Hórébù. Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹ má gba ààwẹ̀ aláìjẹ-aláìmu kankan, ẹ má sì lọ sí ìṣọ́ òru. Ẹ máa sùn ó kéré tán wákàtí méje, ẹ jẹun lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ o. Ààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Dáníẹ́lì gbà ní orí 10:3 gan-an, oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì ló yẹra fún. Kò sọ pé òun kò jẹun rárá. Ebi tó bá pọ̀ mọ́ àìsùn a máa sọ ìrònú di dúdú, ara tó bá sì gbẹ jù, nǹkan oṣù obìnrin lè dàrú, èyí tó tún máa mú ohun tí ẹ ń gba ààwẹ̀ lé lórí nira sí i. Bí ó bá sì ti di pé bíi ti Èlíjà ó ń wá sí yín lọ́kàn pé ikú yá ju èyí lọ, ẹ má dá a gbé mọ́ra. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán lónìí, kí ó sì bá yín dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọ̀rọ̀ ọsibítù wá. Ìlànà pé kí onígbàgbọ́ má lo oògùn ní ìtàn láàárín wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ńlá ń pa èèyàn káàkiri ayé, tí àwọn dókítà kò ní ohun tí wọ́n lè fi wò ó, àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa fi àdúrà nìkan wá ìwòsàn. Lára wọn ni ìjọ Àpọ́sítélì wa ti ṣẹ̀ nígbà tó yá. Àní oògùn kínínì tí àwọn míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò sí ibà wà lára ohun tó dá ìyapa sílẹ̀ láàárín àwọn bàbá wa àti àwọn míṣọ́nnárì náà. Àwọn bàbá wọ̀nyẹn dúró ṣinṣin lórí ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí àwọn kan ṣe fún ara wọn kì í di òfin tí Ọlọ́run ṣe fún gbogbo èèyàn. Nínú 2 Àwọn Ọba 20:5, Olúwa ti sọ fún Hesekáyà pé òun máa wò ó sàn. Ní ẹsẹ 7, Àìsáyà ṣì ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá fi lé oówo tó ń ṣe é. Ìlérí àti ìtọ́jú jọ wà lórí ibùsùn kan náà. Oníṣègùn ni Lúùkù, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́ (Kólósè 4:14).

Nítorí náà, ẹ lọ, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín sì jọ lọ. Àwọn dókítà ní kí tọkọtaya tó bá ti ń wá oyún fún oṣù 12 wá fún àyẹ̀wò. Bí obìnrin bá ti pé ọmọ ọdún 35, oṣù 6 ti tó. Ti ọkọ ni kó kọ́kọ́ wáyé, torí òun ló rọrùn jù: àyẹ̀wò àtọ̀, lẹ́yìn tó bá ti yàgò fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7. Nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ fún, ohun kan wà lára ọkùnrin tó wà lára ìdí rẹ̀, síbẹ̀ obìnrin nìkan la máa ń gbé lọ sí orí òkè. Fún ẹ̀yin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹyin ń jáde lóṣooṣù, àwòrán ilé ọmọ á fi fáíbírọ́ìdì hàn bó bá wà, X-ray kan sì wà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọ̀nà ẹyin méjèèjì là. Ẹ gba èsì gbogbo rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì kan, kí ẹ má baà máa tún àyẹ̀wò kan náà san níbi gbogbo.

Ẹ ní ẹ kò mọ ohun tí ẹ máa sọ mọ́ bí ẹ bá kúnlẹ̀. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Ẹ yan ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án. Ẹ má jẹ́ kó di òru, torí òru ni èrò máa ń wúwo jù. Ẹ ka Orin Dáfídì 13 sókè. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Ẹsẹ 1 àti 2, ìbéèrè mẹ́rin ni, "yóò ti pẹ́ tó" sì ni gbogbo wọn. Dáfídì kò tọrọ gáfárà lórí wọn. Ẹ kọ tiyín sábẹ́ rẹ̀, ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ sì kọ ọ́ sí Ọlọ́run ní tààrà: "Olúwa, Ìwọ…" Ẹ̀hónú tí a bá gbé síwájú Rẹ̀, àdúrà ni, èyí tí a bá ń sọ lẹ́yìn Rẹ̀ bíi ti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó ń kùn ní aginjù ló ń ba ọkàn jẹ́. Ẹsẹ 3 àti 4, Dáfídì tọrọ. Ẹ tọrọ ohun kan ṣoṣo fún ọjọ́ yẹn, kó jẹ́ ohun tó kéré tó bá òní mu: kí n lè dá ìyá ọkọ mi lóhùn láìsunkún, kí n lè wọ yàrá dókítà láìgbọ̀n. Ẹsẹ 5 àti 6 ni ìgbẹ́kẹ̀lé àti orin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n ń fo ẹsẹ 1 sí 4, wọ́n sáré lọ bá ẹsẹ 5, nítorí a ti kọ́ wọn pé ìjẹ́wọ́ rere nìkan ló gbọ́dọ̀ ti ẹnu onígbàgbọ́ jáde. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á ṣófo lẹ́nu wọn, wọ́n á sì rò pé Ọlọ́run ló ṣófo. Bí ẹ kò bá lè sọ ẹsẹ 5 tọkàntọkàn lónìí, ẹ dúró sí ẹsẹ 4, kí ẹ pa ìwé dé. Lọ́jọ́ tó bá le jù, ẹ ka Orin Dáfídì 88. Ẹsẹ méjìdínlógún ló ní, òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí, kò sí ìyìn kankan ní ìparí rẹ̀, Ọlọ́run sì jẹ́ kó wà nínú Bíbélì. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ kò bá tilẹ̀ jáde, ẹ ka Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dìde. Róòmù 8:26 sọ pé Ẹ̀mí ń fi ìrora tí a kò lè fẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Ẹ ṣe báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ka èyí tí ẹ ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ fi àmì sí ohun kékeré tó bá ti gbà.

Ẹ wá èèyàn méjì péré tí ẹ lè sọ gbogbo rẹ̀ fún, ọkọ yín àti obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Bí wòlíì bá dá oṣù tí ẹ máa lóyún fún yín, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ má san owó lé e. Bí kò bá ṣẹ, Diutarónómì 18:22 ní kí ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ tí wọ́n ń pe àwọn ìyá jáde níwájú ìjọ, bí kò bá rọrùn, ẹ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, kí ẹ jókòó sílé. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ronú lórí ìpè yẹn: ẹ̀yin lẹ mọ àwọn tó máa kù lórí ìjókòó.

Kí wá ni ìgbẹ́kẹ̀lé, bí kì í bá ṣe ìdánilójú pé ọmọ máa dé? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta inú Dáníẹ́lì 3 sọ ohun méjì pọ̀: Ọlọ́run wa lè gbà wá (ẹsẹ 17), ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, a kò ní sin òrìṣà rẹ (ẹsẹ 18). Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè pe ẹsẹ 18 yẹn ní ìyèméjì. Pọ́ọ̀lù tọrọ lẹ́ẹ̀mẹta kí a mú ẹ̀gún kúrò, ìdáhùn tó gbà ni "oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ" (2 Kọ́ríńtì 12:9). Nítorí náà, ẹ máa tọrọ ọmọ láìtijú, ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹsẹ̀ yín lé èyí tí Ọlọ́run ṣèlérí fún gbogbo ọmọ Rẹ̀ láìyọ ẹnìkan sílẹ̀: pé òun kò ní fi yín sílẹ̀ (Hébérù 13:5), pé kò sí ohun tó lè yà yín kúrò nínú ìfẹ́ Rẹ̀ (Róòmù 8:38-39). Àgàn kọ́ ni orúkọ yín níwájú Rẹ̀.

Nípa ẹgbẹ́ akọrin: ẹ má kúrò. Mátíù 28:17 sọ pé nígbà tí àwọn mọ́kànlá rí Jésù tó ti jíǹde, wọ́n foríbalẹ̀ fún un, àwọn kan sì ṣiyèméjì. Kò ní kí àwọn wọ̀nyí bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ kan náà ló rán gbogbo wọn. Alágàbàgebè ni ẹni tó ń fi ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ tan èèyàn jẹ. Ásáfù tí Dáfídì fi ṣe olórí akọrin (1 Kíróníkà 16:5) ni orúkọ rẹ̀ wà lórí Orin Dáfídì 73, níbi tí akọrin náà ti ní ẹsẹ̀ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ tán. Ní ẹsẹ 15, ó ṣọ́ ibi tó ti sọ ọ́, kó má baà mú àwọn ọmọ Ọlọ́run kọsẹ̀. Ní ẹsẹ 17, inú ibi mímọ́ ni òye ti yé e. Orin Dáfídì 88 olókùnkùn yẹn pàápàá, "fún olórí akọrin" ni wọ́n kọ sí i lórí. Ẹ sọ fún ọ̀gá akọrin yín pé fún oṣù mẹ́ta, ẹ kò fẹ́ dá orin, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ya ọmọ sí mímọ́. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí. Ẹ dúró ní ìlà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá dé ìlà orin tí ọkàn yín kò lè sọ lọ́jọ́ náà, ẹ dákẹ́ ní ìlà yẹn, kí àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì yín kọ ọ́, kí ẹ sì bá wọn gbé e ní ìlà tó tẹ̀ lé e.